Ara Ọmọ Gbóná, Ara Rẹ̀ sì Sú: Bí A Ṣe Ń Dá Àrùn Tó Ń Ran Ọmọdé Mọ̀, àti Ohun Tí A Lè Ṣe Nílé

Òru ni ara ọmọ máa ń jó bí iná jù. Ní irú àsìkò bẹ́ẹ̀, ìyá ọmọ kò bìkítà nípa orúkọ tí dókítà ń pe àìsàn. Ohun tó fẹ́ mọ̀ ni pé, ṣé kí òun gbé ọmọ jáde báyìí ni, àbí kí òun dúró kí ilẹ̀ mọ́? Ìdí nìyẹn tí n kò fi ní bẹ̀rẹ̀ láti orí orúkọ àrùn. Ọmọ fúnra rẹ̀ la ó kọ́kọ́ wò.

Èmi náà ti ṣì í ṣe rí. Nígbà tí èéyi mú ọmọ mi kejì, ara tó sú ni mo gbájú mọ́. Nígbà tí ó di ọjọ́ karùn-ún tí gbogbo rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rọlẹ̀, mo ní ó ti tán, mo tilẹ̀ ti ń fọ aṣọ tó fi sàìsàn. Alẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an ni ìyá ọkọ mi wo àyà ọmọ, tí wọ́n ní, "Ìyàwó, ọmọ yìí ń mí bí ajá tó sáré." Òtútù àyà ti wọlé. Orí ló kó wa yọ. Láti ìgbà yẹn ni mo ti mọ̀ pé kì í ṣe ohun tó sú sára ló sábà máa ń pa ọmọ, ohun tó ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn ni: òtútù àyà, ìgbẹ́ gbuuru, gbígbẹ omi ara.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ wo ọmọ kí ẹ tó wo ohun tó sú

Ẹ tan iná, ẹ bọ́ aṣọ ọmọ. Bí ẹyọ kan péré nínú àwọn nǹkan wọ̀nyí bá wà lára rẹ̀, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀, ì báà jẹ́ òru:

- kò lè mu omi, kò sì lè fa ọmú mọ́;
- gbogbo ohun tó bá gbé mì ló ń bì;
- gìrì mú un;
- ó ń sùn lọ fọnfọn, ẹ jí i kò jí dáadáa, tàbí ó kàn ń wò bọ̀ọ̀ bí ẹni tí kò mọ̀ yín;
- ó ń mí kíákíá, tàbí abẹ́ ìhà rẹ̀ ń wọnú nígbàkúùgbà tó bá fa èémí sínú;
- ọrùn rẹ̀ le, kò sì lè tẹ orí wá síwájú;
- kò tíì pé oṣù méjì, ara rẹ̀ sì gbóná dé 38 lórí ohun èlò tí a fi ń wọn ìgbóná ara, tàbí ó tutù ju bó ṣe yẹ lọ.

Ti èémí yẹn ni ọ̀pọ̀ wa kì í mọ̀ bí a ṣe ń wò. Ẹ jẹ́ kí ọmọ dákẹ́ ẹkún, ó sàn bó bá ń sùn. Ẹ ṣí aṣọ kúrò láyà rẹ̀, ẹ fi fóònù yín ka ìṣẹ́jú kan gbáko. Bí àyà bá gbé sókè tó sì wálẹ̀, ẹyọ kan nìyẹn. Ọmọ tí kò tíì pé oṣù 2 kò gbọdọ̀ mí tó 60. Ọmọ oṣù 2 sí oṣù 11 kò gbọdọ̀ tó 50, ọmọ ọdún 1 sí ọdún 5 kò sì gbọdọ̀ tó 40. Bó bá tó iye yẹn tàbí tó jù ú lọ, ó ti kọjá ohun tí a ń tọ́jú nílé. Ẹ kọ iye tí ẹ kà sílẹ̀, nọ́ọ̀sì máa bi yín.

Bí gìrì bá mú ọmọ, mo bẹ̀ yín, ẹ má fi ṣíbí ya ẹnu rẹ̀, ẹ má ti ẹsẹ̀ rẹ̀ bọ iná. Ẹ má sì rọ àgbo tí wọ́n fi ìtọ̀ màlúù ṣe sí i lọ́fun, nítorí ó ń fa ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ọmọ wálẹ̀, ó sì lè dá èémí rẹ̀ dúró. Ẹ fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tẹ́ ẹ kí itọ́ lè ṣàn jáde, ẹ kó ohun líle kúrò nítòsí, kí ẹ sì máa wá ọkọ̀. Àwọn àgbà ní bí a bá ń sunkún, à máa ríran. Ẹni kan nínú ilé gbọ́dọ̀ wo aago kó lè mọ iye ìṣẹ́jú tí gìrì náà fi mú un.

Ìgbésẹ̀ kejì: ibo lara rẹ̀ ti kọ́kọ́ sú?

Bí kò bá sí àmì ewu kankan, ẹ lè wá jókòó wo irú ohun tó ń ṣe ọmọ.

Èéyi kì í kọ́kọ́ sú. Fún nǹkan bí ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́rin, ibà ni, ikọ́ ni, imú ń ṣomi, ojú pọ́n, ọmọ kò sì fẹ́ rí ìmọ́lẹ̀. Ojú pípọ́n yẹn ni ẹ fi máa mọ̀ pé kì í ṣe ọ̀fìnkìn lásán. Ẹ fi tọ́ọ̀ṣì wo inú ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ lọ́gangan eyín tó wà lẹ́yìn. Bí ẹ bá rí àmì funfun wẹ́wẹ́ bí hóró iyọ̀, ẹ má wulẹ̀ ṣiyèméjì mọ́. Lẹ́yìn èyí ló máa sú láti ẹ̀yìn etí àti iwájú orí, yóò bo ojú, yóò wá sí àyà, yóò sì sọ̀ kalẹ̀ dé ẹsẹ̀.

Ìwé ìṣègùn sábà máa ń sọ pé ara ọmọ yóò pọ́n. Lára ọmọ aláwọ̀ dúdú bíi tiwa, bí ẹ bá ń dúró de pípọ́n, ẹ máa pẹ́. Ẹ fi ẹ̀yìn ọwọ́ pa á lára: yóò rí ṣákaṣàka bí ẹni pé iyanrìn wà lábẹ́ awọ. Bó bá ń lọ, ibẹ̀ yóò dúdú, awọ yóò sì máa hó wẹ́wẹ́ bí èèrí ògì.

Ṣíkìn pọ́ọ̀sì ní tirẹ̀ ń yún. Ojú, àyà àti ẹ̀yìn ló sábà máa ń ti bẹ̀rẹ̀, ó sì ń yọ bí ẹ̀kán omi. Ohun tó yà á sọ́tọ̀ ni pé kì í yọ lẹ́ẹ̀kan náà: ní ojú kan ṣoṣo, ẹ ó rí èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ, èyí tó ti gbomi, àti èyí tó ti gbẹ tó ti di èèpá. Bó bá jẹ́ pé gbogbo wọn ń dàgbà pọ̀, tí wọ́n le, tí wọ́n wà ní àtẹ́lẹwọ́ àti àtẹ́lẹsẹ̀, tí kókó sì wú lọ́rùn tàbí ní ìtan, ẹ jẹ́ kí ilé ìwòsàn wò ó nítorí mpox, àrùn tí wọ́n ń pè ní monkeypox tẹ́lẹ̀. Láti ọdún 2017 ló ti padà yọjú ní Nàìjíríà.

Nǹkan kan wà tí mo gbọ́dọ̀ sọ nítorí àwọn ìyá àgbà ilé. Wọn kì í pe orúkọ Ṣọ̀pọ̀nná. Wọ́n á ní Olóde, wọ́n á ní ilẹ̀ gbígbóná. Ìbẹ̀rù yẹn nídìí, àrùn náà pa ìran wa jìnnà. Ṣùgbọ́n ọdún 1980 ni àjọ ìlera àgbáyé, WHO, ti kéde pé kò sí láyé mọ́. Ohunkóhun tó bá sú sí ọmọ yín lára lónìí, kì í ṣe òun. Kò sí ìdí láti fi ọmọ pamọ́ sí yàrá kọ̀rọ̀ kí ará ilé má baà gbọ́, nítorí inú yàrá kọ̀rọ̀ yẹn ni òtútù àyà ti ń wọlé láìsí ẹni tó rí i.

Ìgbésẹ̀ kẹta: yíyà ọmọ sọ́tọ̀, bí ẹ tilẹ̀ ń gbé yàrá kan

Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ wa kò ní yàrá méjì. Ẹ ṣí fèrèsé sílẹ̀ kí atẹ́gùn máa fẹ́. Ẹ fún aláìsàn ní ife tirẹ̀, ṣíbí tirẹ̀, táwẹ́ẹ̀lì tirẹ̀, kí ẹnì kan ṣoṣo tí èéyi ti mú rí, tàbí tó ti gba abẹ́rẹ́ rẹ̀, máa tọ́jú rẹ̀. Kí aboyún jìnnà, pàápàá sí ṣíkìn pọ́ọ̀sì. Ọmọ tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ SS, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ ìyá àgbà tàbí ẹ̀gbọ́n bó bá ṣeé ṣe, ìyẹn bí kò bá tíì kó o.

Òótọ́ kan rèé o: èéyi ti ń ran àwọn ẹlòmíràn láti ọjọ́ mẹ́rin ṣáájú kí ara tó sú, títí di ọjọ́ mẹ́rin lẹ́yìn rẹ̀. Ó lè wà nínú atẹ́gùn yàrá fún wákàtí méjì lẹ́yìn tí aláìsàn ti jáde. Bí ènìyàn mẹ́wàá tí kò ní ààbò bá wà nítòsí rẹ̀, bí mẹ́sàn-án ni yóò kó o. Nítorí náà, kí ẹ tó rí i lára ọmọ kan, àwọn àbúrò rẹ̀ ti bá a mí atẹ́gùn kan náà. Iṣẹ́ yín ni kí ẹ yọ káàdì àjẹsára gbogbo ọmọ ilé jáde lọ́jọ́ náà, kí ẹ kó wọn lọ sí ibùdó ìlera. Abẹ́rẹ́ èéyi tí ọmọ bá gbà láàárín wákàtí 72 tí ó ti bá aláìsàn pàdé ṣì lè dí àrùn náà lọ́nà. Bí ẹ bá ní ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́sàn-án, ẹ bi nọ́ọ̀sì ohun tí ẹ máa ṣe, ẹ má dá a rò.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: omi, oúnjẹ, ibà

Ẹ máa fún ọmọ ní omi díẹ̀díẹ̀ léraléra. Èyí tó ń mu ọmú, kó máa mu ún, kódà kó pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹ̀kọ, ọbẹ̀ ẹja, mọ́ínmọ́ín rírọ̀, ọ̀gẹ̀dẹ̀, ẹyin, ohun tó bá ti lè jẹ ni kẹ́ ẹ fún un. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu ọ̀pọ̀ ènìyàn pé ọmọ tí èéyi mú kò gbọdọ̀ jẹ ẹyin tàbí ẹran. Ìgbà tí ara rẹ̀ ń jagun gan-an ni wọ́n fẹ́ fi ebi pa á yẹn. Bí ẹnu rẹ̀ bá bó, ẹ má fi ata sí i, ẹ jẹ́ kí oúnjẹ lọ́ wọ́ọ́rọ́.

Ẹ lè fi omi lọ́wọ́ọ́wọ́ wẹ̀ ẹ́. Ti ẹmu tí àwọn kan fi ń pa ọmọ lára kò sàn fún un, kí a má tíì sọ ti èyí tí wọ́n ń kán sí ojú. Ojú tí èéyi ti bà jẹ́ díẹ̀, ohunkóhun tí ẹ bá kán sí i lè fọ́ ọ pátápátá. Fítámì A ni ojú náà nílò. Ilé ìwòsàn ní ń fúnni: ọjọ́ kan, àti ọjọ́ kejì rẹ̀. Ọmọ oṣù 6 sí 11 ń gba ìwọ̀n 100,000 IU, èyí tó ti pé ọdún kan ń gba 200,000 IU. Ẹ má rà á fúnra yín lọ́jà, nítorí àpọ̀jù rẹ̀ léwu. Ṣùgbọ́n ẹ béèrè fún un lórúkọ, nítorí wọ́n lè gbàgbé.

Fún ibà, paracetamol olómi ni. Ìwọ̀n rẹ̀ ń lọ pẹ̀lú bí ọmọ ṣe wúwo, kì í ṣe pẹ̀lú ọdún rẹ̀: 15 mg fún kìló kan, ìyẹn 150 mg fún ọmọ kìló 10. Ẹ ka ara ìgò kí ẹ mọ iye mg tó wà nínú 5 ml, torí ti ọmọ ọwọ́ tí a ń kán le ju ti ṣíbí lọ. Kí wákàtí mẹ́fà wà láàárín ẹ̀ẹ̀kan àti ẹ̀ẹ̀kejì. Ẹ má fún ọmọdé ní aspirin, pàápàá nínú ṣíkìn pọ́ọ̀sì, ẹ má sì lo ibuprofen fún un níbẹ̀. Ẹ wo nọ́ńbà NAFDAC àti ọjọ́ tí oògùn yóò bàjẹ́. Ní ọdún 2008, oògùn eyín ọmọdé kan tí wọ́n fi kẹ́míkà olóró pò pa ọmọ tó lé ní 80 ní orílẹ̀-èdè yìí. Àwọn ìyá wọn rà á tìfẹ́tìfẹ́ ni.

Oògùn àpapọ̀ tí kẹ́míìsì ń tú mọ́ra sínú ọ̀rá kékeré, ẹ fi í sílẹ̀ níbẹ̀. Kò sí kápúsù inú ọ̀rá yẹn tó ń pa èéyi tàbí ṣíkìn pọ́ọ̀sì. Bí ibà bá sì wà, ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ wò fún ibà ẹ̀fọn: ara tó sú kò ní kí ẹ̀fọn má jẹ ọmọ.

Fún ti ṣíkìn pọ́ọ̀sì, ẹ gé èékánná ọmọ mọ́lẹ̀, ẹ fi calamine pa ibi tó ń yún, ẹ wọ aṣọ òwú fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ fún un. Bí ojú kan bá wú, tó gbóná, tó ń ṣọyún, kòkòrò mìíràn ti wọ ojú egbò yẹn. Ilé ìwòsàn ni.

Ọrùn tó wú: ṣegede, tàbí ohun tó burú jù ú lọ

Ṣegede ń wú lábẹ́ etí, ní ẹ̀gbẹ́ kan, kó tó kan èkejì. Yóò ti etí sókè, jíjẹ oúnjẹ yóò máa dùn ún, ọsàn kíkan yóò tún mú kó le. Paracetamol, oúnjẹ rírọ̀, omi, ó parí. Búlúù tí wọ́n ń fi kun ẹ̀rẹ̀kẹ́ kò ṣe é ní nǹkan kan, àfi kó ba aṣọ jẹ́. Bí ọ̀dọ́mọkùnrin bá sọ pé kóró abẹ́ òun wú, tàbí tí orí ń fọ́ ọmọ gidigidi tó sì ń bì, ẹ gbé e lọ.

Ṣùgbọ́n ẹ ya ẹnu rẹ̀ wò. Bí awọ kan tó rí bí eérú bá bo ọ̀fun, tí ohùn há, tí itọ́ ń dà, tí ọrùn sì wú yíká bí ti màlúù, ṣegede kọ́ nìyẹn. Diphtheria ni, èyí tó ṣọṣẹ́ ní Nàìjíríà láti ìparí 2022 wọ 2023. Ẹ má fi nǹkan ha awọ náà, yóò ṣẹ̀jẹ̀. Ẹ máa lọ sí ilé ìwòsàn ńlá lọ́jọ́ náà, torí oògùn tó ń pa oró rẹ̀ kò sí ní kẹ́míìsì.

Ikọ́ tí kò jẹ́ kí ọmọ mí

Ikọ́ kan wà, tí òyìnbó ń pè ní whooping cough, tó ń tẹ̀ léra wọn láìdánu dúró, títí ojú ọmọ yóò fi ràn, tí yóò wá fa èémí sínú pẹ̀lú ariwo bí ẹni tó ń hó, yóò sì bì. Ó lè pé oṣù méjì tàbí mẹ́ta kó tó lọ. Lára ọmọ ọwọ́, ẹ lè má gbọ́ ariwo kankan: èémí á kàn dá, ètè á sì dúdú. Ẹ má dúró nílé pẹ̀lú irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Ẹ má fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan ní oyin, ẹ má sì fún ọmọdé kankan ní oògùn ikọ́ àgbàlagbà.

Àpólò, ìgbẹ́ gbuuru, àti ti awọ

Àpólò ni à ń pe àrùn ojú pípọ́n. Ọdún 1969 ni irú rẹ̀ kan tú jáde ní Ghana, ọdún kan náà tí àwọn ará Amẹ́ríkà fi ọkọ̀ Àpólò gúnlẹ̀ sórí òṣùpá, làwọn ènìyàn bá so méjèèjì pọ̀. Ẹ fi òwú àti omi tí a sè, tí ó ti tutù, nu ipin kúrò. Òwú kan fún ojú kan. Ẹ má kán ọmú, ìtọ̀ tàbí omi ṣúgà sí i. Bí ojú bá ń dun ọmọ gan-an tàbí tí kò ríran dáadáa, ẹ lọ rí oníṣègùn ojú. Ọmọ tuntun tí ojú rẹ̀ ń ṣọyún kò gbọdọ̀ sùn mọ́jú nílé.

Ìgbẹ́ gbuuru: ẹ po ORS, ìyẹn àdàpọ̀ iyọ̀ àti ṣúgà tí a ń pò mọ́ omi. Ọ̀pọ̀ pákẹ́ẹ̀tì rẹ̀ jẹ́ ti lítà kan, bẹ́ẹ̀ ọ̀rá píọ̀ wọ́tà méjì tí wọ́n kọ 50cl sí lára ni lítà kan. Bí kò bá sí ORS, ṣíbí tíì mẹ́fà ṣúgà àti ààbọ̀ ṣíbí tíì iyọ̀ nínú lítà kan náà, kí ẹ fi ọ̀bẹ gé orí ṣíbí kó tẹ́jú. Iyọ̀ kò gbọdọ̀ pọ̀ jù bẹ́ẹ̀. Nígbàkúùgbà tí ọmọ bá yàgbẹ́, ẹ fún un ní ìwọ̀n ife kékeré kan, ní ṣíbí-ṣíbí. Bó bá bì í, ẹ dúró ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí ẹ tún bẹ̀rẹ̀. Èyí tó bá kù lẹ́yìn wákàtí 24, ẹ dà á nù. Ẹ fún ọmọ ní oògùn zinc pẹ̀lú rẹ̀ fún ọjọ́ 10 sí 14: 20 mg lóòjọ́, ìdajì rẹ̀ fún ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà. Bí ojú ọmọ bá jìn, tí àwùjẹ rẹ̀ wọnú, tí kò tọ̀ fún wákàtí mẹ́fà, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ wà nínú ìgbẹ́, ẹ jáde nílé. Ìgbẹ́ tó rí bí omi ìrẹsì tó ń dà yàà, onígbáméjì ni, ẹ sáré.

Èkúrú kò ní í lọ bí ẹ bá tọ́jú ọmọ kan ṣoṣo. Gbogbo ilé ló ń pa oògùn lọ́jọ́ kan náà, kí ẹ sì fi omi gbígbóná fọ aṣọ àti aṣọ ìbùsùn, kí ẹ sá a sí oòrùn. Ara lè máa yún fún ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin lẹ́yìn rẹ̀. Làpálàpá orí kì í gbọ́ ìpara. Ó ń fẹ́ oògùn mímu, kí ẹ sì bi onígbàjámọ̀ bó ṣe ń fọ ẹ̀rọ rẹ̀.

Ìgbà wo ló lè padà sí jẹ́lé-ó-sinmi?

Èéyi: lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin tí ara ti sú, bí ara rẹ̀ bá ti yá. Ṣíkìn pọ́ọ̀sì: nígbà tí gbogbo rẹ̀ bá ti gbẹ di èèpá. Ṣegede: ọjọ́ márùn-ún lẹ́yìn tó wú. Ikọ́ whooping cough: ọjọ́ márùn-ún lẹ́yìn tó bẹ̀rẹ̀ oògùn dókítà, tàbí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta bí kò bá lo oògùn. Ìgbẹ́ gbuuru: lẹ́yìn wákàtí 48 tí ó ti dá. Ẹ sọ fún olùkọ́ ohun tó ṣe ọmọ, kí àwọn ìyá yòókù lè máa ṣọ́ tiwọn.

Ẹ má sì rò pé èéyi ti tán nígbà tí ara bá dán. Ó máa ń jí agbára tí ara fi ń bá àrùn jà kó lọ, fún oṣù mélòó kan. Ẹ fi oúnjẹ ẹ̀ẹ̀kan kún ti òòjọ́ rẹ̀, ẹ máa gbé e wọ̀n. Bí ẹ bá rí i pé ní ìrọ̀lẹ́ ó ń fọwọ́ tálẹ̀ kó tó rí àwo oúnjẹ rẹ̀, ẹ gbé e padà lọ nítorí ojú.

Káàdì àjẹsára, inú ọ̀rá ni kó máa wà, níbi tí òjò àti eku kò ti lè dé. Ọ̀fẹ́ ni abẹ́rẹ́ ní ibùdó ìlera ìjọba: lọ́jọ́ ìbí, ní ọ̀sẹ̀ 6, 10 àti 14, lẹ́yìn náà ní oṣù 9 àti oṣù 15 fún ti èéyi. Èyí tó bá ti kọjá, wọn yóò ṣì gún un, ẹ kàn gbé ọmọ lọ. Àlàfo oṣù mẹ́sàn-án ló ṣófo nínú káàdì ọmọ mi kejì. Ọjọ́ tí wọ́n dá fún wa bọ́ sí ọjọ́ ìnáwó kan ní Ìjẹ̀bú, mo sì ní a ó lọ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.